Adágún orí òkè pẹ̀lú ọmọdé méjì: ibo la ó pàgọ́ sí, báwo la ó ṣe borí òtútù òru?

Ọlọ́mọ Méjì
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ kó ọmọ wa méjì, ọlọ́dún 6 àti ọlọ́dún 9, lọ sí ibùdó àgọ́ kan létí adágún lórí òkè. Òru mẹ́ta la ó sùn. Ibẹ̀ fi bíi mítà 2,100 ga ju òkun lọ, igi páìnì ló yí adágún náà ká. Ọ̀sán á móoru dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ní òtútù òru lè já sí dígírì 3.

Àyè méjì péré ló ṣẹ́ kù. Èkíní wà létí omi gan-an: pápá koríko tó tẹ́jú, téèyàn bá ṣílẹ̀kùn àgọ́, adágún ló máa rí. Èkejì wà lókè díẹ̀ láàárín igi, ó tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta sí omi. Ìyàwó mi fẹ́ etí omi kó lè máa rí àwọn ọmọ. Ẹrù wa: àgọ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin, àpò ìsùn mẹ́rin tí wọ́n kọ "5°C" sí lára, bẹ́ẹ̀dì onífẹ́ẹ́fẹ́ ńlá méjì, sítóòfù gáàsì kékeré kan. Kò sí omi ẹ̀rọ níbẹ̀ o, adágún la ó ti máa pọnmi. Àyè wo ni kí a mú, kí ló sì kù nínú ẹrù wa?

Baba Àgọ́
Èyí tó wà lókè ni kí ẹ mú. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ara òkè á tutù, afẹ́fẹ́ tó wà lára rẹ̀ á máa ṣàn wálẹ̀ bí omi, ibi tó bá sì rẹlẹ̀ jù ló máa ń dúró sí. Níbi adágún tí òkè yí ká, etí omi nibẹ̀. Ẹni tó sùn sókè díẹ̀ lè fi dígírì mélòó kan sàn ju ẹni tó sùn nísàlẹ̀ lọ. Ẹ̀ka igi tó bo àgọ́ lórí tún ní iṣẹ́ tirẹ̀: kì í jẹ́ kí ooru ilẹ̀ àti ti àgọ́ ráyè fò lọ sójú ọ̀run lóru. Ìdí nìyẹn tí ìrì fi máa ń pọ̀ lórí àgọ́ tó wà ní gbangba ju èyí tó wà lábẹ́ igi. Koríko tó tẹ́jú yẹn náà, bí òjò bá rọ̀, ibẹ̀ lomi máa dúró sí.

Àmọ́ kí ẹ tó pàgọ́ lábẹ́ igi, ẹ gbójú sókè. Igi tó ti kú tó ṣì dúró, ẹ̀ka tó ti ṣẹ́ tó kàn há sáàárín àwọn yòókù, igi tó ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí gbòǹgbò rẹ̀ ń yọ: ẹ má sùn síbi tí ìkankan nínú wọn lè wó dé. Kò di ìgbà tí ìjì bá jà kí ẹ̀ka tó já. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán kí ẹ tó tú àgọ́ jáde nínú àpò rẹ̀. Ara rẹ̀ á sọ ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́ àti ibi tí gbòǹgbò wà fún un. Bó bá dà díẹ̀, apá òkè ni kí ẹ kọrí sí.

Tápólì tí ẹ máa tẹ́ sábẹ́ àgọ́ kò gbọ́dọ̀ yọ síta. Ẹ ká etí rẹ̀ wọ abẹ́ kó fi bí ìka mẹ́rin kéré sí ìsàlẹ̀ àgọ́ yíká. Bó bá yọ síta, òjò tó ń ṣàn lára àgọ́ á bọ́ sórí rẹ̀, á sì gba abẹ́ yín wọlé.

Ọmọ Ẹja
Bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo o. Adágún tó bá tóbi tó sì jìn máa ń gba ooru oòrùn pamọ́, á wá máa tú u sílẹ̀ lóru. Bí ìgbà ooru bá ti ń parí lọ, etí adágún bẹ́ẹ̀ lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju inú igbó lọ. Ẹ̀fọn ńkọ́? Inú igbó tí atẹ́gùn kì í dé ni wọ́n ti ń jayé. Etí omi tí atẹ́gùn ń fẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n bà. Ẹ bá wa béèrè bí adágún náà ṣe tóbi tó kí ẹ tó lé wọn kúrò níbẹ̀.

Baba Àgọ́
Òótọ́ ni fún adágún ńlá. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó wà lórí òkè tó ga tó báyìí ò tóbi, omi yìnyín tó yọ́ ló sì kún inú wọn. Atẹ́gùn tó ń lé ẹ̀fọn lọ́sàn-án yẹn, ó sábà máa ń rọlẹ̀ bí oòrùn bá ń wọ̀, àsìkò yẹn gan-an lẹ̀fọn ń jáde. Koríko rírin létí omi ni wọ́n sì ń fara pamọ́ sí.

Ìyá Ìbejì
Àyè lẹ̀ ń jà lé lórí, ẹ ò wo bẹ́ẹ̀dì onífẹ́ẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé lọ! Yálà wọ́n sùn sókè tàbí nísàlẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni wọ́n ti máa gbọ̀n títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Abẹ́ ni òtútù ti ń wá jù. Ẹni tó dùbúlẹ̀ ti fi ìwúwo ara rẹ̀ tẹ òwú inú àpò ìsùn pẹlẹbẹ, òwú tó bá sì ti pẹlẹbẹ kò lè mú ooru dúró mọ́. Ohun tó wà lábẹ́ àpò ló kù tó lè gbani. Inú bẹ́ẹ̀dì onífẹ́ẹ́fẹ́ lásán ṣófo, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń yí kiri: á gba ooru lára ẹni, á gbé e fún ilẹ̀. Ẹní tí wọ́n ṣe fún àgọ́ máa ń ní nọ́ńbà kan lára tí wọ́n ń fi R pè. Bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń dí òtútù tó. Bẹ́ẹ̀dì lásán sábà máa ń wà nítòsí R 1. Fún òru dígírì 3, ẹ wá èyí tó tó R 4. Bí owó kò bá gbé e, ẹ ra fóòmù pẹlẹbẹ tó ṣeé ká, tí kì í fa omi, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe sábẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà R máa ń ròpọ̀: fóòmù R 2 lórí ẹní R 2 di R 4.

Ẹ tún ka lébẹ́ẹ̀lì àpò ìsùn yẹn dáadáa. Èyí tí wọ́n bá dán wò ní ìlànà àgbáyé tó ń jẹ́ ISO 23537, nọ́ńbà mẹ́ta ló máa ń wà lára rẹ̀: comfort, limit àti extreme. Comfort ni ibi tí obìnrin á ti sùn láìsí wàhálà. Limit ni ibi tí ọkùnrin tó ká ara rẹ̀ jọ ti lè sùn kí òtútù má jí i. Extreme kì í ṣe ti oorun rárá, ti kí ẹ̀mí má bọ́ ni. Bó bá jẹ́ limit ni 5 yín, bó bá ti ń di dígírì 9 tàbí 10 ni òtútù á ti máa mú ìyàwó yín. Ìlànà yẹn kò sì ka ọmọdé sí.

Ti àwọn ọmọ wá: bó bá jẹ́ àpò àgbàlagbà ni wọ́n máa lò, ẹ ká apá ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ kí ẹ fi okùn so ó, torí ara kékeré ò lè mú gbogbo àyè òfìfo yẹn gbóná. Aṣọ tí wọ́n fi sáré kiri lọ́sàn-án, bó tiẹ̀ dà bíi pé ó gbẹ, òógùn ti wà nínú rẹ̀. Ẹ bọ́ ọ, kí wọ́n wọ òmíràn tó gbẹ, wúùlù tàbí pọlísítà, kì í ṣe kọ́tìn. Ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ, fìlà tó bo etí. Kí wọ́n jẹ nǹkan kí wọ́n tó sùn, kí wọ́n sì tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìgò oníke líle lítà 1, ẹ rọ omi gbígbóná tí kì í ṣe híhó sí i, ẹ dé e pinpin, ẹ dorí rẹ̀ kodò díẹ̀ kí ẹ rí i pé kò jò, ẹ fi sínú ìbọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wá fi sáàárín itan ọmọ. Á ṣì máa móoru di ọ̀gànjọ́.

Ṣọlá Òkè
Àfikún kékeré: ẹ ti gbogbo ihò àgọ́ pa, ìyẹn náà ń ran ooru lọ́wọ́. Bí òtútù bá pọ̀ jù, ẹ lè tan sítóòfù sí ìloro àgọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Aṣọ́gbó
Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀lé èyí. Sítóòfù tó ń jó níbi tó ká mọ́ máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide jáde. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, orí fífọ́ àti oorun ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ti sùn lọ kò ní jí láti sá. Ìloro àgọ́ kò yọ sílẹ̀. Ààrò èédú burú jù ú lọ, torí èédú tó dà bíi pé ó ti kú ṣì ń tú u jáde fún wákàtí púpọ̀. Ẹ má gbé e wọlé láé. Ìta gbangba ni kí ẹ ti dáná, kó jìnnà sí aṣọ àgọ́, torí aṣọ yẹn kì í pẹ́ jóná.

Títi ihò pa náà ló ń sọ àgọ́ di rírin. Omi tó ń bá èémí èèyàn mẹ́rin jáde lóru kan á kún ife mélòó kan. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, ara aṣọ àgọ́ tó tutù ló máa lẹ̀ mọ́, á di ìrì, á sì máa kán sórí àpò ìsùn. Àpò tó bá rin, pàápàá èyí tó jẹ́ ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ló wà nínú rẹ̀, kì í mú ooru mọ́. Ẹ ṣí ihò òkè ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì fi ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé níbẹ̀ kó jáde lókè. Ẹ fa ìbòrí òjò kó le dáadáa, kó má kan aṣọ ti inú. Ibi tí méjèèjì bá ti kanra lomi ti ń wọlé. Bàtà àti aṣọ tó rin, ìloro ni kí ẹ fi wọ́n sí. Kí ẹnikẹ́ni má ki imú bọ inú àpò ìsùn láti máa mí síbẹ̀. Iṣẹ́ àgọ́ ni láti dí òjò àti atẹ́gùn. Àpò àti ẹní ló ń mú ara gbóná.

Ṣọlá Òkè
Ti sítóòfù yé mi. Bí atẹ́gùn bá wá le ńkọ́?

Aṣọ́gbó
Ẹ ti apá ibi tó ti ń fẹ́ wá, ẹ fi apá kejì sílẹ̀. Lóru tí ojú ọjọ́ bá dáa, orí òkè ni atẹ́gùn sábà máa ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sí adágún. Lọ́sàn-án ó ń gòkè. Nítorí náà, ẹ kọ ẹ̀yìn àgọ́ sí òkè, ilẹ̀kùn sí adágún.

Ọlọ́mọ Méjì
Ẹ ṣé gan-an ni. A ti gba àyè ti òkè, a ó sì ra fóòmù. Ó ku ti omi. Èrò wa ni láti máa sè é. Ìṣẹ́jú mélòó ni, ṣé agolo gáàsì kan á tó?

Ọmọ Ẹja
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lè dá yín lójú.

Olómi
Mẹ́wàá ti pọ̀ jù, gáàsì lẹ fi ń ṣòfò. Bí omi bá ti hó yaya, ìṣẹ́jú 1 tó. Níbi tó bá ga ju mítà 2,000 lọ, ó di ìṣẹ́jú 3, torí omi kì í gbóná dé 100 kó tó hó níbẹ̀. Ní mítà 2,100 yín, bíi dígírì 93 ló ti máa hó. Ìdí kan náà ni ohun tí ẹ bá ń sè fi máa pẹ́ jinná ju ti ilé, ẹ ṣírò gáàsì mọ́ ọn.

Ẹ wá wo gáàsì yẹn o. Agolo 230 g lè mú nǹkan bíi lítà 12 hó bí atẹ́gùn ò bá yọ ọ́ lẹ́nu. Èèyàn mẹ́rin tí wọ́n ń rìn káàkiri lórí òkè á mu tó bẹ́ẹ̀ lóòjọ́. Bó bá jẹ́ sísè nìkan lẹ gbójú lé, agolo kan kò ní ré ọjọ́ kejì kọjá. Asẹ́ omi ni kí ẹ rà, èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ 0.2 micron (micron 1 jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) tàbí tó kéré jù bẹ́ẹ̀. Á mú bakitéríà, á sì mú Giardia àti Cryptosporidium, àwọn tó sábà ń fa ìgbẹ́ gbuuru láti inú omi orí òkè. Kò lè mú fáírọ́ọ̀sì, nítorí náà bó bá jẹ́ pé èrò pọ̀ lápá òkè odò tó ń wọ adágún, ẹ sẹ́ ẹ tán kí ẹ tún sè é. Oògùn oníhóró tó jẹ́ kulorín wúlò fún pàjáwìrì, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ pa Cryptosporidium.

Ohun kan ló ń ba asẹ́ jẹ́ láìfojú hàn. Bí omi inú rẹ̀ bá dì lẹ́ẹ̀kan, àwọn fọ́nrán tíntìntín inú rẹ̀ á ya, á ṣì máa yọ omi bíi tẹ́lẹ̀, kòkòrò á sì máa bá a kọjá. Lóru, ẹ gbọn omi inú rẹ̀ dànù, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kó bá yín sùn nínú àpò ìsùn.

Bí ẹ bá rí i pé ojú adágún kan dà bí ẹni pé wọ́n da ọ̀dà àwọ̀ ewé sí i, ẹ má mu ún, ẹ má jẹ́ kí ọmọ wọ ibẹ̀. Oró tó wà nínú rẹ̀ kì í bá sísè lọ, asẹ́ ò sì gbà á.

Baba Àgọ́
Mo fara mọ́ Olómi, kí n kàn fi ti irú gáàsì kún un. Agolo tó jẹ́ butane nìkan kì í jó dáadáa bí òtútù bá ti ń sún mọ́ dígírì 0, torí níbẹ̀ ni kì í lè di afẹ́fẹ́ mọ́. Ẹ ra èyí tí wọ́n pò isobutane àti propane pọ̀. Láàárọ̀, bí iná bá ń kú lọ, ẹ gbé agolo náà sínú abọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe gbígbóná. Ẹ má fi páànù ìdí-atẹ́gùn yí sítóòfù tó jókòó lórí agolo ká: ooru á padà sára agolo, ó sì lè bẹ́.

Aṣọ́gbó
Oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ sùn nínú àgọ́. Ọṣẹ ìfọyín, ọṣẹ ìwẹ̀, ìpara, bisikíìtì inú àpò ọmọ, oúnjẹ ni gbogbo wọn lójú ẹranko. Ekú ń jẹ aṣọ àgọ́ wọlé nítorí bisikíìtì ẹyọ kan. Bí ibùdó bá ní àpótí irin, inú rẹ̀ ni kí gbogbo rẹ̀ wà nígbà gbogbo tí ẹ kò bá jẹun.

Ṣọlá Òkè
Bí kò bá sí àpótí, ẹ so ó kọ́ igi: kó ga tó mítà 4, kó fi mítà 2 jìnnà sí ara igi.

Aṣọ́gbó
Ìyẹn dáa fún ekú àti ọ̀kẹ́rẹ́. Níbi tí béárì bá wà, ọ̀pọ̀ wọn ti mọ̀ ọ́n já, agolo líle tí béárì kò lè ṣí ló dáa, kí ẹ gbé e sílẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 100 sí àgọ́. Ẹ ka òfin ibùdó náà kí ẹ tó gbéra, torí ibòmíràn kì í gbà kí wọ́n so oúnjẹ kọ́.

Abọ́ fífọ̀ náà: ẹ gbé omi jìnnà tó mítà 60 sí adágún kí ẹ tó fọ nǹkan, kódà bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ọṣẹ pé kì í ba ilẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá rìn jìnnà sí ilé ìyàgbẹ́, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ní mítà 60 sí omi, kí ẹ sì dá erùpẹ̀ bò ó.

Ọmọ Ẹja
Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ àti omi kò gbọ́dọ̀ di ìgbàgbé. Omi adágún orí òkè lè máa tutù níní nígbà tí oòrùn ń jóni. Ẹni tó bá ṣubú sínú omi tí kò tó dígírì 15, mímí-helehele ló máa kọ́kọ́ mú un, láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn lèèyàn sì ti ń fa omi símú, kódà ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Kí àwọn ọmọ wọ jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó tó bá ìwúwo ara wọn mu, tó ní okùn tó gba abẹ́ itan kọjá, láti ìgbà tí wọ́n bá ti wà létí omi, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá wọ ọkọ̀. Gbé e ní èjìká: bó bá kọjá àgbọ̀n ọmọ, ó ti tóbi jù. Ẹ má gbé bẹ́ẹ̀dì onífẹ́ẹ́fẹ́ yẹn sórí omi. Atẹ́gùn lè gbá a lọ sáàárín kí ẹ tó dìde.

Ààrá náà sábà máa ń sán lọ́sàn-án lórí òkè. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ jáde nínú omi, ẹ wọ inú mọ́tò kí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Àgọ́ kì í gbani lọ́wọ́ mànàmáná. Ẹ dúró di ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn èyí tí ẹ gbọ́ kẹ́yìn.

Ọlọ́mọ Méjì
Ẹ má bínú, ìbéèrè kan ṣì kù. Ilẹ̀ àárín igi yẹn, gbòǹgbò àti òkúta ló kún ibẹ̀. Báwo lèèkàn á ṣe wọlé?

Baba Àgọ́
Ẹ fi èèkàn alumíníọ́mù pẹlẹbẹ sílẹ̀ nílé, ẹ gbé ti irin tín-ín-rín. Bó bá kọlu òkúta, ẹ má fi tipátipá lù ú, ẹ sún un díẹ̀. Ẹ gbá a wọlẹ̀ kí orí rẹ̀ fì kúrò lọ́dọ̀ àgọ́, kí okùn má bàa fà á yọ. Níbi tí kò bá ti wọlé rárá, ẹ so okùn mọ́ igi ṣóńṣó kan, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé òkúta ńlá lé okùn náà níwájú rẹ̀. Ẹ má gbá ewé páìnì tó wà nílẹ̀ kúrò lábẹ́ àgọ́. Bí ẹ bá gbá a, ẹrẹ̀ ló kù nígbà òjò.

Ìyá Ìbejì
Ewé páìnì yẹn kan náà ni kí ẹ ṣọ́ra fún bí ẹ bá dáná. Ojú ààrò tí ibùdó ṣe nìkan ni kí ẹ dá a sí, torí iná lè wọ abẹ́ ewé lọ sára gbòǹgbò, kó sì máa jó níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti lọ. Igi ìdáná ìtòsí ni kí ẹ lò, ẹ má kó ti ọ̀nà jíjìn wá, kòkòrò tó ń pa igbó ló máa ń bá a rìn. Láti pa iná náà, ẹ da omi sí i, ẹ rò ó, ẹ tún da omi sí i, títí ẹ̀yìn ọwọ́ á fi lè kan eérú náà.

Aṣọ́gbó
Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bọ̀, ìbòrí òjò á ṣì rin nítorí ìrì. Ẹ gbọn ọ́n, ẹ fi aṣọ nù ún, ẹ dì í lọ́tọ̀ sínú ọ̀rá kó má kan ti inú. Bí ẹ bá délé, ẹ sá a síbi tí afẹ́fẹ́ wà lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì, torí bó bá fi lé ní ọjọ́ méjì nínú ọ̀rá, ebu á ti máa hù lára rẹ̀, á sì ba ohun tí wọ́n fi kùn ún tó fi ń lé omi jẹ́.